Ebè kan, ikú oríṣiríṣi: ìdí sitirọ́bẹ́rì 24 tí a rà, tí 17 nínú wọn fi ṣá

Màmá tí ó ni ebè yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó yẹ kí n ti sọ èyí kí n tó lọ síwájú, nítorí bí ènìyàn bá gbọ́ pé ẹnì kan ra ìdí sitirọ́bẹ́rì 24, tí 17 sì ti dojú kọ ikú kí ogúnjọ́ tó pé, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé onítọ̀hún kò bomi rin ín. Ó bomi rin ín. Láàárọ̀, lálẹ́, nígbà míì lọ́sàn-án gangan. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀, bàtà mi rì sínú poro.

Oríṣi méjì ni ó rà. Méjìlá wà nínú ike kéékèèké, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, òdòdó funfun ti bo orí wọn, ọ̀kan tilẹ̀ ti so èso tí ó ti ń pọ́n bọ̀. Méjìlá yòókù jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà láìsí ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rárá: gbòǹgbò lásán, tí wọ́n dì pọ̀ bí ìgbálẹ̀, tí wọ́n sì wé sínú ọ̀rá. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí yóò rò pé òkú igi ni wọ́n tà fún òun. Oorun ni ó ń sùn. Inú yàrá òtútù ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, níbi tí òtútù ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ kọjá òdo lórí ìwọ̀n Celsius, kí ó má baà jí títí di ìgbà tí àkókò àtigbìn bá tó.

Màmá ti tún ebè ṣe sílẹ̀ kí ó tó lọ rà wọ́n. Tòmátò ni ó wà lórí ilẹ̀ náà ní àsìkò tí ó ṣáájú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tòmátò yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó ṣì mí lọ́nà. Ọjọ́ tí ó dé ilé ni ó gbin àwọn ti inú ike, mọ́kànlá nínú méjìlá. Ìkejìlá kò rí àyè mọ́, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn oní-gbòǹgbò-lásán wà nínú ọ̀rá wọn fún ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dára. Gbogbo ẹni tí ó bá kọjá ni ó ń yìn ín. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣàkíyèsí pé ewé àwọn ti inú ike máa ń rọ lọ́sàn-án, wọ́n á sì tún nà padà nírọ̀lẹ́. Ó fi kún omi. Ọjọ́ kejì, kò sí ìyàtọ̀. Ó tún fi kún un. Ní ọjọ́ kejìlá, ó rò pé bóyá ebi ni ó ń pa wọ́n, ó bu ajílẹ̀ oníhóró ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sí ìdí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó dà bí ìwé tí iná rá létí. Ó ra oògùn àrùn ewé, ó fín in. Ewé tí ó ti ń rọ lọ́sàn-án nìkan tẹ́lẹ̀ kò nà padà nírọ̀lẹ́ mọ́. Ní ti àwọn oní-gbòǹgbò-lásán, àwọn kan yọ ẹnu díẹ̀, wọ́n dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ó gbàgbé ohun tí ó jáde fún. Àwọn kan kò yọ rárá.

Ìgbà yẹn ni ó fi fọ́tò ewé mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi.

"Ọmọ mi, bá mi wò ó. Kí ni ó ń ṣe wọ́n?"

Mo wò ó, mo bi í pé: "Mà, kí ni ó wà lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀?"

"Tòmátò ni."

Ó tán lójú tèmi. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tí à ń pè ní Verticillium. Ó ń bá tòmátò jà, ó ń bá ata àti ìgbá jà, bí wọ́n bá sì kórè wọn tán, kì í bá wọn lọ. Ó lè fara pamọ́ sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó máa retí ẹni tí yóò tún jẹ. Sitirọ́bẹ́rì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé bí tòmátò bá kúrò lórí ilẹ̀, kí wọ́n má gbin sitirọ́bẹ́rì síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ìmọ̀ràn náà tọ́. Àmọ́ bí ìmọ̀ràn bá tọ́, kò ní kí ó jẹ́ òun ni ìdáhùn sí ohun tí ó wà níwájú ẹni. Mo sọ fún Màmá pé kí ó wú gbogbo rẹ̀, kí ó wá ibòmíràn.

Ohun tí mo fojú fò wà nínú fọ́tò náà kedere. Bí Verticillium bá mú sitirọ́bẹ́rì, ewé àgbà tí ó wà lẹ́yìn ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣá, tí yóò máa gbẹ, ewé kékeré àárín á sì ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀. Nínú fọ́tò tí Màmá fi ránṣẹ́, ewé àárín gan-an ni ó ti dúdú. Tòmátò ti gba gbogbo ọkàn mi, n kò wo àárín.

Ọpẹ́ ni pé Màmá kò gbọ́ tèmi. "N kò ní wú nǹkan kan," ni ó wí. "Ìwọ wá fi ojú ara rẹ wò ó. Èyí tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí n kò rí àyè gbìn, òun nìkan ni ó ń ṣe dáadáa nínú gbogbo wọn."

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdí kan tí kò rí ebè rí, tí omi rẹ̀ kò ju ife kan lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ni ó ń ṣe dáadáa. Ẹni kan náà ni ó tà á. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà á.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún mo débẹ̀. Mo ní kí a yan èyí tí ó burú jù nínú àwọn ti inú ike, kí a wú u. Mo ti ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, mo fà á díẹ̀, ó jáde wọ̀ọ̀ láìjà. Ohun tí ó jáde nìyí: ìṣù ilẹ̀ kan tí ó ní àwòrán ike gẹ́lẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, òkè rẹ̀ fẹ̀, ìlà tí ó wà lára ike ṣì hàn lára rẹ̀. Gbòǹgbò ti yí i ká bí okùn tí a fi di ẹrù. Kò sí ẹyọ gbòǹgbò kan tí ó ti jáde wọ inú ebè ní gbogbo ọjọ́ 19 yẹn. Mo fọ́ ìṣù náà sí méjì. Inú rẹ̀ gbẹ. Eruku fẹ́ jáde láti inú rẹ̀, ẹrẹ̀ sì wà ní ọwọ́ mi títí dé ọrùn ọwọ́.

Màmá kò gbà á gbọ́. Ó ní bóyá ibi tí mo fọ́ ni. A wú òmíràn, a ju odidi ìṣù rẹ̀ sínú korobá omi. Ó léfòó. Ó ń fì lórí omi bí akèrègbè, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú rẹ̀ jáde wọ́mú wọ́mú. Ó tó ìdajì wákàtí kí ó tó rì. Màmá dúró tì í, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Gbogbo omi tí mo gbé."

Àlàyé rẹ̀ rèé. Ohun tí àwọn tí ń ta ọ̀gbìn máa ń kó sínú ike kì í ṣe ilẹ̀ bí a ti mọ ilẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ewéko tí ó ti jẹrà nínú irà láti ọdún gbọọrọ, tí wọ́n wà jáde. Ó fúyẹ́, ó rọrùn fún gbòǹgbò, bí ó bá tutù ó ń di omi mú dáadáa. Àmọ́ bí ó bá gbẹ pátápátá lẹ́ẹ̀kan péré, yóò máa ta omi dànù bí ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ. Omi tí a bá dà sí i yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ilẹ̀ ebè. Ilẹ̀ ebè, tí òun wẹ́ ju ti inú ike lọ, yóò sì fà á mọ́ra. Nítorí náà ni ebè fi ń di ẹrẹ̀, tí ọmọ ewéko ń kú òùngbẹ láàárín rẹ̀. Ewé tí òùngbẹ ń gbẹ àti ewé tí omi ti pa gbòǹgbò rẹ̀, bákan náà ni wọ́n ń rọ. Ẹni tí ó bá ń wo ewé nìkan ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ṣé ó ti tán? Èmi rò bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ fọ ọwọ́, kí n sọ fún Màmá pé ohun kan ni ó pa gbogbo wọn, bí mo ti sọ nígbà tí mo dá tòmátò lẹ́bi. Òun ni ó ní kí a wú ìyókù. A wú gbogbo èyí tí ó ń ṣàìsàn, a tò wọ́n sórí pákó ní ìlà, a sì rí i pé ikú tí ó pa wọ́n kò jọra.

Nínú mọ́kànlá ti inú ike, mẹ́fà ni ìṣù gbígbẹ yìí pa lára. Méjì wà láàyè dáadáa. Bóyá ìṣù tiwọn kò gbẹ délẹ̀ kí wọ́n tó wọ ebè. Ó ku mẹ́ta.

Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, bí mo ti di ewé rẹ̀ mú ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kò ní gbòǹgbò mọ́. Mo tú ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sórí pákó, ìdin funfun mẹ́rin yí jáde, wọ́n sanra, wọ́n ká bí ìkọ́, orí wọn pupa rúsúrúsú, wọn kò ní ẹsẹ̀. Ọmọ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Otiorhynchus sulcatus ni. Àgbà rẹ̀ dúdú, kì í fò, ọ̀sán ni ó fi ń sápamọ́, òru ni ó fi ń jẹ etí ewé. Orí ilẹ̀, nítòsí ìdí ewéko, ni ó ń yé ẹyin sí, ọmọ ni ó sì ń jẹ gbòǹgbò. Mo bi Màmá bóyá ó ya fọ́tò wọn ní ọjọ́ tí ó rà wọ́n. Ó yà á, inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Nínú fọ́tò yẹn, ewé ìdí kan ti ní eyín-eyín létí, bí ẹni pé ẹnì kan fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ìwé lu ú. Ó ti bá ike dé láti ọgbà tí wọ́n ti rà á.

Méjì tí ó kù ni àwọn tí ewé àárín wọn dúdú, àwọn tí fọ́tò wọn dé ọ̀dọ̀ mi. Gbòǹgbò wọn kò burú tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ la kókó ìdí wọn sí méjì ní òró. Ó yẹ kí n ṣàlàyé kókó yìí, nítorí òun ni ẹ̀mí sitirọ́bẹ́rì: kùkùté kúkúrú tí ó wà láàárín ewé àti gbòǹgbò, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí ewé ti ń yọ lókè rẹ̀, tí gbòǹgbò ti ń yọ ní ìsàlẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá le, inú rẹ̀ a máa funfun bí inú àgbọn. Ti àwọn méjì yìí pupa bí ìpàdé àwọ̀ ilẹ̀ àti obì, láti òkè dé ìdajì. A fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ọ̀gbìn. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan: Phytophthora cactorum. Àrùn yìí lè wà lára ọmọ ewéko láti ọgbà tí wọ́n ti bí i, láìfi ara hàn, títí tí wọ́n á fi gbìn ín, tí ooru yóò mú, tí ilẹ̀ yóò rin gbindin. Omi tí Màmá ń bù lójoojúmọ́ ni ó jí i. Verticillium kò sí níbẹ̀ rárá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tòmátò.

Ó wá ku àwọn oní-gbòǹgbò-lásán. Tiwọn kò ní àdììtú. Màmá gbin márùn-ún jìn, tí kókó ìdí wọn fi bọ́ sábẹ́ ilẹ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ lè wó wọn. Àwọn márùn-ún ti jẹrà láti orí. Ó wá rò pé bóyá òun ti ri wọ́n jù, ó gbin mẹ́ta sókè, gbòǹgbò wọn hàn síta bí ẹsẹ̀ adìyẹ, oòrùn sì gbẹ wọ́n. Mẹ́rin tí ó gbìn kẹ́yìn, nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́ tí kò ronú mọ́, ni ó bọ́ sí i: ìdajì kókó wà nílẹ̀, ìdajì wà lókè. Àwọn mẹ́rin náà yè. Méjì nínú wọn ni gbòǹgbò wọn ká sókè nínú ihò nítorí ihò kò jìn tó, wọn kò kú, ṣùgbọ́n wọn kò tóbi bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn títí di òní.

Ẹ bá mi ka iye wọn: mẹ́fà ìṣù gbígbẹ, ọ̀kan ìdin, méjì àrùn kókó, márùn-ún tí a rì, mẹ́ta tí a gbé sókè. Mẹ́tàdínlógún. Ajílẹ̀ kò dá pa ẹyọ kan, ó kàn bá gbogbo wọn fi kún ìyà ni. Iyọ̀ ni ajílẹ̀ oníhóró, sitirọ́bẹ́rì sì wà lára ọ̀gbìn tí kò lè fara da iyọ̀ rárá. Bí iyọ̀ inú ilẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 1 dS/m, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí iyọ̀ ilẹ̀ ti pọ̀ tó, ni èso rẹ̀ ti ń dínkù. Gbòǹgbò tí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí òùngbẹ tún ń gbẹ, ni a bu ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ lé lórí.

Màmá fẹ́ lọ bá ẹni tí ó tà wọ́n jà. Mo ní kí ó bá a sọ ti ìdin àti ti àrùn kókó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Mẹ́rìnlá yòókù, ọ̀rọ̀ àárín àwa àti ilẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un pé ẹjọ́ sitirọ́bẹ́rì tí a rà tí kò ṣe dáadáa ti pẹ́. Ní 1714, ará Faransé kan, Amédée-François Frézier, kó sitirọ́bẹ́rì eléso ńlá láti Chile wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìrìn oṣù bíi mélòó kan lórí òkun tí omi mímu ṣọ̀wọ́n, márùn-ún péré ni ó dé ilẹ̀ Faransé láàyè. Wọ́n gbìn wọ́n, wọ́n hu, wọ́n tóbi, wọn kò so. Abo nìkan ni gbogbo wọn. Ìgbà tí wọ́n gbin sitirọ́bẹ́rì ti ìlà oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà sí tòsí wọn ni èso dé, ọmọ tí àwọn méjèèjì sì bí ni baba gbogbo sitirọ́bẹ́rì ńlá tí ayé ń jẹ lónìí. Èyí tí à ń rà báyìí ní akọ àti abo nínú òdòdó kan náà, nítorí náà ẹ má fi ti Frézier ṣe àwáwí.

Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà kò pọ̀. A da ìdí mẹ́fà onígbígbẹ sínú korobá, a jẹ́ kí wọ́n mu títí tí afẹ́fẹ́ kò fi jáde mọ́. Mo fi ìka tú gbòǹgbò tí ó yí ìṣù ká, mo fi ọ̀bẹ la ìsàlẹ̀ àwọn tí kò ṣeé tú ní ọ̀nà mẹ́ta, kí gbòǹgbò tuntun lè bá ibẹ̀ jáde. A já gbogbo òdòdó, a gé ewé tí ó ti gbẹ, a fi ewé méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀. A kó ebè ga sókè tó 20 sẹ̀ǹtímítà kí omi lè máa sọ̀ kúrò. A wú ilẹ̀ tí ó wà ní ìdí àwọn méjì tí Phytophthora mú, a kó o jìnnà, a kò sì gbin nǹkan kan sí ojú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a da omi púpọ̀ sí ebè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fọ iyọ̀ ajílẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, mo wá ní kí Màmá gbé korobá pamọ́ títí tí ìka rẹ̀, bí ó bá kì í bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì, yóò fi bá ilẹ̀ tí kò rin mọ́. Èyí ni ó ṣòro fún un jù. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń rìn yí ebè ká láìmú nǹkan lọ́wọ́.

Nínú mẹ́fà, mẹ́rin yè. Méjì tí ajílẹ̀ ti jó jù kú.

Ní àsìkò tí ó tẹ̀lé e, ó ra méjìlá mìíràn, gbogbo wọn nínú ike, ó sì mú mi dání. Mo bẹ ẹni tí ó ń tà á pé kí ó jẹ́ kí n dorí ike kọ̀ọ̀kan kodò kí n fa ìṣù rẹ̀ jáde. Kò kọ̀; ẹni tí ó bá kọ̀, kí a kí i kí a máa lọ. Gbòǹgbò funfun ni mo ń wá, tí ó kún inú ike ṣùgbọ́n tí kò tíì yí ara rẹ̀ ká. Mo fi àtàǹpàkò tẹ kókó ìdí: ó gbọ́dọ̀ le, kò gbọdọ̀ rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù. Mo yí ewé wò lábẹ́ bóyá aláǹtakùn pupa kéékèèké wà níbẹ̀, mo wo etí ewé fún eyín-eyín. Èyí tí ó ti so èso, tí gbogbo ènìyàn ń fà lọ́wọ́ ara wọn, ni a fi sílẹ̀. Èso yẹn ni ó ń gba agbára tí gbòǹgbò nílò láti fi wọ ilẹ̀ tuntun.

A kò gbìn wọ́n lọ́jọ́ náà. Abẹ́ ilé ọ̀rá ni wọ́n ti tọ́ wọn, ewé wọn kò mọ oòrùn gidi, kò mọ afẹ́fẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni a fi mú wọn mọ́ ìta: òjìji lákọ̀ọ́kọ́, oòrùn àárọ̀ fún wákàtí mélòó kan, títí wọ́n fi lè gba odidi ọ̀sán. Mo yẹ pH ilẹ̀ wò láàárín ìgbà yẹn, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ti kan tó, ó jẹ́ 6.3, èyí tí ó dára, nítorí 5.5 sí 6.5 ni sitirọ́bẹ́rì fẹ́. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ gbígbìn, a ri ike kọ̀ọ̀kan sínú omi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀, a gbìn wọ́n, ìdí kan sí èkejì jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà. A tú gbòǹgbò, a jẹ́ kí ihò jìn tó kí gbòǹgbò lè nà tààrà, a gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dá ẹnu ihò kọjá láti fi mọ ibi tí ojú ilẹ̀ yóò dé lára kókó. Igi yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo irinṣẹ́ wa. Kò sí ẹni tí ó tún ní láti fi ojú díwọ̀n. A bo ilẹ̀ pẹ̀lú koríko gbígbẹ, a sì yọ ọ́ díẹ̀ kúrò lọ́rùn kókó. Omi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, orí ìṣù gan-an ni a ń rọra dà á sí, pẹ̀lú ife, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo gbòǹgbò ṣì wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bomi sí gbogbo ebè. Ajílẹ̀ kò dé ibẹ̀ títí ewé tuntun mẹ́ta fi yọ, díẹ̀ sì ni, ó sì jìnnà sí ìdí.

Àríyànjiyàn kan ṣoṣo tí a ní ni ti òdòdó. Mo ní kí a já gbogbo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Màmá ní òun kò lè máa fi ọwọ́ ara òun já èso òun. A pín in: mẹ́wàá ni a já, ó fi méjì sílẹ̀. Àwọn méjì yẹn so kíá, èso márùn-ún láàárín àwọn méjèèjì, kéékèèké, ó sì dùn mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá yòókù ti fẹ̀ tó abọ́ ńlá tí wọ́n sì ń so lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjì yẹn ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà. Mọ́kànlá nínú méjìlá ni ó yè. Èyí tí ó kú, ajá ni ó wú u.

Fún àwa tí wọ́n ń pè láti wo ọ̀gbìn, ohun tí ebè yìí yí padà nínú iṣẹ́ mi ni bí mo ṣe ń dáhùn ìpè. N kì í gba fọ́tò ewé nìkan mọ́. Mo ní kí wọ́n wú ọ̀kan tí ó ń kú, kí wọ́n fọ́ ìṣù rẹ̀, kí wọ́n la kókó ìdí rẹ̀ ní òró, kí wọ́n ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìka wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ bí ó ti tóbi tó. Àwọn kan máa ń kọ̀, wọ́n ní èyí tí ó kù kò gbọdọ̀ dínkù. Mo máa ń sọ fún wọn pé èyí tí a fẹ́ wú ti lọ. Bí a bá sì ti rí ohun tí ó pa ọ̀kan, mo tún ní kí wọ́n wú èkejì láti apá ibòmíràn lórí ebè, nítorí bí a bá dúró lórí ìṣù gbígbẹ nìkan lọ́dọ̀ Màmá, a ò bá ti fi ìdin àti Phytophthora sílẹ̀ nínú ilẹ̀ de àwọn méjìlá tuntun. Mo tún ń béèrè fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ti pọ̀ tó tí àìsàn ti wà nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ebè ti kún, ìtàkùn sì ti ń ta kiri lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ọmọ lọ síwájú. Màmá fẹ́ fi wọ́n rọ́pò àwọn ìyá nígbà tí ọdún kẹta bá pé tí èso wọn bá ń kéré. A ti fa okùn pupa sí ìdí márùn-ún tí ó lágbára jù nínú àwọn tuntun. Lára wọn nìkan ni a ó ti mú ọmọ. Ìtàkùn tí ó bá yọ láti ara àwọn àtijọ́ tí wọ́n wà nítòsí ojú ibi tí Phytophthora ti jà, Màmá ń gé e dànù ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tí ó ń fi ọtí nù kí ó tó dé ìdí tí ó kàn.